Irun Kúkúrú Àkọ́kọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ọkùnrin Tráńsì

Ọkùnrin tráńsì ni ẹni tí wọ́n kà sí obìnrin nígbà tí wọ́n bí i, àmọ́ tó jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti gẹ irun yìí lọ́kàn tipẹ́ kí wọ́n tó gẹ̀ ẹ́ lórí. Wọ́n ti kó o sẹ́yìn níwájú dígí, wọ́n ti fi fìlà bò ó, wọ́n ti tọ́jú àwòrán orí tó wù wọ́n sínú fóònù. Ọjọ́ wá pé, wọ́n gẹ̀ ẹ́ tán, inú ẹlòmíràn dùn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹlòmíràn wo dígí, ó ní, "Ta lèyí?" Méjèèjì ló wọ́pọ̀; kódà, ó lè ṣe ẹnì kan náà láàárín wákàtí kan.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé ọ kó o tó jókòó sórí àga ẹnikẹ́ni: kíkúrú nìkan kọ́ ló ń sọ irun di ti ọkùnrin. Obìnrin tó ń gẹ irun mọ́lẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Ibi tí irun parí sí ni iṣẹ́ wà: ẹ̀gbẹ́ etí, ìpàkọ́ àti iwájú orí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ibi mẹ́ta yìí, tó sì lè sọ ọ́ fún agẹrun, ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà. Ìdajì tó kù, àkókò ló ń gbà, torí irun àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ èyí tó máa bá ọ kalẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Mọ irú irun tó wà lórí rẹ

Fọ irun rẹ, má fi ohunkóhun sí i, jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, kó o wá wò ó dáadáa. Ṣé ó nà ni, ṣé ó lọ́, àbí ó kákò mọ́ra? Ṣé ó ki àbí ó fẹ́lẹ́? Irun gígùn máa ń wúwo, ìwúwo yẹn ló sì ń fà á wálẹ̀. Bí ìwúwo bá kúrò, èyí tó nà á dìde ganrangan, èyí tó lọ́ díẹ̀ á lọ́ ju bó o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Irun tó kákò tún ní tiẹ̀: èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 bó o bá fà á lè má ju 3 lọ bó o bá fi í sílẹ̀. Nítorí náà, bó o bá ń sọ gígùn tó o fẹ́, bó ṣe máa rí lórí ni kó o sọ, kì í ṣe bó ṣe máa rí bí wọ́n bá nà án. Bí irun rẹ bá sì ti gba kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nà án, irun tuntun tó hù nídìí rẹ̀ ni kó o wò, torí òun ló máa kù sórí.

Fi ìka wá ibi tí irun ti ń yí po ní àtàrí. Ẹlòmíràn ní ẹyọ kan, ẹlòmíràn ní méjì. Nígbà mìíràn ó máa ń wà níwájú orí pẹ̀lú. Bí wọ́n bá gẹ irun ibẹ̀ tí kò gùn tí kò kúrú, ńṣe ló máa dúró ṣánṣán láti àárọ̀ dalẹ́. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó gùn débi tó ti máa sùn, tàbí kí wọ́n kúkú gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó wá àwòrán. Wá ti ọkùnrin tí irun rẹ̀ jọ tìrẹ, tí ọjọ́ orí yín ò sì jìnnà síra, kì í ṣe ti òṣèré tí ẹni mẹ́ta tún irun rẹ̀ ṣe kó tó jáde síta. Kí iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn hàn nínú wọn. Fi àwòrán ọ̀kan tó ò fẹ́ rárá kún un. Ó máa ń la agẹrun lóye ju ogún àwòrán tó jọra lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni, àbí díẹ̀díẹ̀?

Irun orí máa ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.25 lóṣù, ìyẹn bíi 15 lọ́dún. Ẹni tí irun rẹ̀ ti dé èjìká, tó wá gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lónìí, yóò lò tó ọdún méjì kó tó padà síbẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan máa gẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele: kọ́kọ́ dé èjìká, lẹ́yìn náà dé àgbọ̀n, kó tó wá kúrú. Ó dára fún ẹni tí ojú ará ilé pọ̀ lára rẹ̀, tí kò fẹ́ kí ariwo ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ká sọ òótọ́, irun tó dé àgbọ̀n gan-an ló máa ń mú ọ̀pọ̀ wa jọ obìnrin jù, torí ó máa ń yí ojú po. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù nìkan ló ń dá ọ dúró, fo ìpele yẹn. Ní kí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gẹ òkè sí bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8, kí wọ́n sì fi kílípà nọ́ńbà 4 (èyí tó ń fi bíi mílímítà 13 sílẹ̀) gba ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Irun ọkùnrin ti nìyẹn, síbẹ̀ kò mọ́lẹ̀ débi tí àyà rẹ á fi já. Èyí tó bá gùn jù ṣeé tún gẹ̀. Èyí tó bá kúrú jù, sùúrù ni oògùn rẹ̀.

Bí irun bá gùn, pín in sí ìdì mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà tó gbẹ, fi rọ́bà so ìdì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé e láàárín rọ́bà àti orí. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó ń gba irun láti fi ṣe wíìgì fún aláìsàn. Oníkálùkù wọn ló ní gígùn tí wọ́n ń gbà àti irú irun tí wọn kì í gbà, torí náà bi wọ́n kó o tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Ẹlòmíràn fẹ́ tọ́jú ìdì kan sínú àpò, ẹlòmíràn ò fẹ́ fojú kàn án mọ́ láé. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Yan irun tó máa bá ojú rẹ ṣiṣẹ́

Bó ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gba tẹstọ́stẹ́rọ̀nù, ìyẹn họ́mọ̀nù ọkùnrin, tàbí tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kún, kí àgbọ̀n rẹ má sì yọ igun. Irun lè bá ọ tún ìyẹn ṣe. Irun tó bá wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí máa ń mú ojú fẹ̀. Èyí tó lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wá ga díẹ̀ lókè, máa ń mú ojú gùn, ó sì ń jẹ́ kí ìlà àgbọ̀n hàn. Òfin mi kò ju kan lọ: kí ẹ̀gbẹ́ kúrú ju òkè. Irun tó kákò nìkan ni mo máa ń yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí, torí bí wọ́n bá gẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ káríkárí, ìlà tí wọ́n bá fà síwájú orí ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ṣọ́ra fún irun tó ń dà síwájú. Bí wọ́n bá gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó rọra bo ìpéǹpéjú, irun kúkúrú obìnrin ló máa jọ, bó ti wù kí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú tó. Gbé e sókè tàbí sẹ́yìn. Bó o bá fẹ́ kó wà níwájú dandan, kí wọ́n gé e ní ìbú, kó dúró lókè ìpéǹpéjú, kí wọ́n má jẹ́ kó tẹ̀ kọ́rọ́.

Féèdì ni kí irun máa fẹ́lẹ́ bọ̀ láti òkè títí á fi pòórá lápá ìsàlẹ̀. Èyí tó lọ sílẹ̀ jù máa ń bẹ̀rẹ̀ kété lókè etí. Ti àárín máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀bátí. Èyí tó ga máa ń gòkè kọjá ibẹ̀, á kù díẹ̀ kó dé ibi tí orí ti tẹ́jú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tó lọ sílẹ̀ ni mo fara mọ́. O kò tíì mọ bí orí rẹ ṣe rí lábẹ́ irun. Ó lè ní kókó, ó lè ní àpá ìgbà èwe, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí èyí tó jẹ́ àbùkù nínú wọn, ṣùgbọ́n ó sàn kó o mọ̀ nípa wọn díẹ̀díẹ̀ ju kó o rí gbogbo rẹ̀ lójijì lórí àga.

Bó o bá ń yọ irun ìpéǹpéjú, dáwọ́ dúró ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú. Ìpéǹpéjú tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọ́rọ́ máa ń ba irun tó dára jẹ́, tí o ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe ọ́ níwájú dígí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ta ló máa gẹ̀ ẹ́?

Onígbàjámọ̀ mọ kílípà, ó mọ féèdì, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà. Aṣerunlóge sábà mọ àlùmọ́gàjí lò jù ú lọ, pàápàá lórí irun tó nà tàbí tó lọ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí agẹrun bá fojú obìnrin wò ọ́, ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ á máa dẹ̀ ẹ́: á mú ẹ̀gbẹ́ etí ṣóńṣó, á fi irun wínníwínní sílẹ̀ ní ìpàkọ́, á ní kó lè "yẹ ọ́" ni. Kì í ṣe ìkà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹni yòówù tó o bá lọ bá, sọ ọ́ gbangba: "Bí ẹ ṣe máa gẹ̀ ẹ́ fún ọkùnrin ni kí ẹ gẹ̀ ẹ́."

Pè tàbí kó o kọ̀wé ránṣẹ́ kó o tó lọ: "Irun mi gùn báyìí, mo sì fẹ́ gẹ irun ọkùnrin, ṣé ẹ máa ń ṣe é?" Bí wọ́n bá fèsì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tó lọ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ ní ìbéèrè tí kò kan irun, wá ibòmíràn. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ dára ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ, èrò kì í pọ̀, agẹrun náà kì í kánjú. Mú ọ̀rẹ́ kan dání bó o bá ní.

Kò pọn dandan kó o ṣàlàyé ara rẹ. Bó o bá ń gbé níbi tí ewu wà nínú kí wọ́n mọ̀ ọ́ ní tráńsì, "Mo kàn fẹ́ kí orí mi fúyẹ́" ti tó. Gbogbo ayé ló ń gẹ irun.

Kọ́ nọ́ńbà kílípà. Gáàdì ni ìyàrun kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ ẹnu ẹ̀rọ náà, nọ́ńbà rẹ̀ ló sì ń sọ bí irun tó máa kù ṣe máa gùn tó. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, nọ́ńbà 1 ń fi mílímítà 3 sílẹ̀, nọ́ńbà 2 ń fi 6, nọ́ńbà 3 ń fi 10, nọ́ńbà 4 ń fi 13, nọ́ńbà 8 sì ń fi 25. Bó o bá wá ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu rẹ lórí àga, kọ èyí sínú fóònù, kó o kà á jáde:

"Ẹ bá mi fi nọ́ńbà 3 gba ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, kó máa fẹ́lẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀. Kí òkè ku ìbú ìka mẹ́ta. Kí ẹ̀gbẹ́ etí parí ní ìbú ní àárín etí, ẹ má jẹ́ kó mú ṣóńṣó. Kí ìpàkọ́ rọra pòórá."

Wo ọwọ́ agẹrun pẹ̀lú. Kílípà tí wọn ò fi oògùn nù lẹ́yìn oníbàárà kan lè kó làpálàpá ran ẹlòmíràn. Abẹ tó ti kan ara ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ kan tìrẹ. Bó o bá fẹ́ mú gáàdì tàbí kílípà tìrẹ lọ, mú un lọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ilé lo ti máa gẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn bá ọ mú ẹ̀yìn. Kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí dín gígùn kù, torí kílípà máa ń há sínú irun gígùn. Lẹ́yìn náà, fi gáàdì tó tóbi jù bẹ̀rẹ̀, kó o máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni, kó lòdì sí ibi tí irun ń hù sí, bó o bá sì dé ibi tí orí ti ń tẹ̀, fa kílípà jáde, má tẹ̀ lé orí lọ sókè. Àárín nọ́ńbà kan sí èkejì ni ìlà máa ń yọ sí. Gáàdì àárín wọn ló ń pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibi mẹ́ta tí irun parí sí

Níbí ni kó o ti la ojú rẹ jù.

Ẹ̀gbẹ́ etí ni àkọ́kọ́. Lórí ọ̀pọ̀ obìnrin, irun ibẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́ títí á fi mú ṣóńṣó, tàbí kí wọ́n fá a kúrò pátápátá. Lórí ọkùnrin, ó máa ń wálẹ̀ tó àárín etí, wọ́n á sì gé e ní ìbú, bí ẹni fi rúlà gé e. Tìrẹ lè má pọ̀ níbẹ̀, pàápàá bó ò bá tíì gba họ́mọ̀nù. Má jẹ́ kí wọ́n fá a nítorí ìyẹn. Ìwọ̀nba tó wà, kí wọ́n gé e ní ìbú, kí apá ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Mo ti rí orí tí nǹkan kan ò yí padà níbẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan yìí lọ, tí àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹni náà ní bọ̀dá.

Ìkejì ni ìpàkọ́. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fa ìlà ní ìbú, kó yọ igun lápá méjèèjì; èyí máa ń mú ọrùn fẹ̀, ó sì dára fún ẹni tí ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì, kí irun rọra fẹ́lẹ́ kó pòórá láìní ìlà; èyí máa ń pẹ́ kó tó rí wúruwùru, torí pé kò sí ìlà tí irun tuntun á hù kọjá. Bó ò bá lè máa lọ gẹ irun léraléra, mú èkejì. Èyí tí o ò gbọ́dọ̀ gbà ni irun wínníwínní tó mú ṣóńṣó wá sí àárín ọrùn.

Iwájú orí ni ìkẹta, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí irú irun. Lórí irun tó nà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fá níbẹ̀. Lórí irun tó kákò, ìlà tí wọ́n fà síwájú orí ló ń sọ ọ́ di irun ọkùnrin: tààrà lókè, kó yọ igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bátí, kó wá sọ̀kalẹ̀ wá bá ẹ̀gbẹ́ etí. Iwájú orí obìnrin sábà máa ń tẹ̀ róbótó, nítorí náà igun yẹn ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n etí ibi tí irun rẹ ti ń hù gan-an ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ti ìlà sẹ́yìn torí kó lè tò, láàárín ọjọ́ mélòó kan, irun kéékèèké á hù síwájú ìlà náà, wàá sì máa fá a títí.

Kó o tó dìde, gba dígí kékeré, wo ẹ̀yìn, wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fi ọwọ́ pa á. Bí nǹkan kan kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ ọ́ nígbà tí aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé ẹ̀gbẹ́ etí yìí ní ìbú" kì í ṣe àrífín, iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Ọwọ́ rẹ á máa lọ gbé irun tí kò sí níbẹ̀ mọ́ kúrò lọ́rùn. Wàá da ṣáḿpù tó pọ̀ jù sí àtẹ́lẹwọ́. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí ìpàkọ́ rẹ bí ẹni pé wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀. Orí á máa tutù lóru, fìlà tó máa ń fún ọ tẹ́lẹ̀ á máa yí. Oòrùn á ta ọ́ létí àti ní ìpàkọ́, níbi tí irun ti ń bò tẹ́lẹ̀. Fi ìpara adènà oòrùn sí i, pàápàá bí awọ ara rẹ bá fúyẹ́. Gbogbo èyí máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ti dígí ló máa ń pẹ́ díẹ̀. Etí rẹ á jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dàgbà. Ojú bàbá rẹ tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin lè yọ lójú rẹ lójijì, ó sì lè jẹ́ ti ìyá rẹ ló máa yọ, èyí tó máa ń dun àwọn kan. Má ṣe dá irun lẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Ya àwòrán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tún ya òmíràn ní ibì kan náà, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ kan náà, lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ojú nílò àkókò láti mọ ẹni tó ń wò, irun fúnra rẹ̀ sì máa ń rọ̀ bó bá ti hù díẹ̀, ìlà líle tí kílípà fi sílẹ̀ á sì wọlé.

Àárò irun gígùn lè sọ ọ́. Ẹlòmíràn ti tọ́jú tirẹ̀ láti kékeré, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń dì í. Kó o ṣàárò rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé o ṣìnà, kò sì sọ ọ́ di ẹni tí kò dá lójú pé ọkùnrin lòun. Jẹ́ kí àárò ṣe tirẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ lóòótọ́ ni ìpàkọ́ àti ibi tí abẹ kàn. Irun tó kákò, tí wọ́n bá fá a mọ́ awọ, lè yí padà gún awọ wọlé, kó di kókó wẹ́wẹ́ tó ń yún. Ní ìpàkọ́, ó lè le, kó di àpá tó wú tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Má họ ọ́, má fún un. Nígbà tó o bá tún lọ, ní kí wọ́n fi kílípà dúró sí nọ́ńbà 1, kí wọ́n má fi abẹ kàn án. Bí kókó náà bá ń pọ̀ sí i, lọ rí dókítà awọ kó tó di ńlá.

Ìgbésẹ̀ 7: Títún un ṣe láràárọ̀

Irun tó nà tàbí tó lọ́: tẹ omi sí i, fi táwẹ̀lì gbọ̀n ọ́n, mú ìpara irun tó tó èékánná ọmọńdinrín, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á títí á fi yọ́, kó o wá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, gbogbo rẹ̀ á dì síbẹ̀, á máa dán bí ọ̀rá. Irun tó fẹ́lẹ́ fẹ́ràn ìpara tí kì í dán, á mú kó dà bíi pé ó ki. Èyí tó ń dán dára fún irun tó o fẹ́ kó sùn sẹ́yìn.

Irun tó kákò: omi díẹ̀, òróró díẹ̀, kó o fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a síbi tó ń hù sí, kó o so aṣọ tó ń dán mọ́ ọn sùn lálẹ́. Bó o bá fẹ́ kó lọ́ ní kókó-kókó, kànǹkàn oníhò tí wọ́n ń tà fún irun ló ń ṣe é: yí i róbótó lórí irun tútù, apá kan náà ni kó o máa yí i sí.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹnu ayé

Wọ́n á sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tó o gé irun rẹ tó rẹwà yẹn?" "Ṣé ara rẹ ò yá ni?" "Ó yẹ ọ́ o, ṣùgbọ́n..." Ṣètò ìdáhùn kan sílẹ̀, kó kúrú, kó o máa fi dá gbogbo wọn lóhùn láìyí ohùn padà: "Ó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì gbádùn rẹ̀." Lẹ́yìn náà, bi wọ́n léèrè nǹkan mìíràn. Àwọn tó o bá fẹ́ bá sọ òdodo, ìwọ lo máa yan ọjọ́ àti ibi tó o máa ti sọ ọ́. Irun kò sọ ọ́ di dandan. Bó bá sì jẹ́ pé ará ilé lè lé ọ jáde tàbí kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí ọ, wá ibi tó o lè sùn mọ́jú sílẹ̀ kó o tó lọ sórí àga.

Ti àwọn àjèjì máa ń yàtọ̀. Láàárọ̀, ọ̀kan á ní "Ẹ kúuṣẹ́, bọ̀dá." Lọ́sàn-án, òmíràn á ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Ẹni tí ohùn rẹ̀ ò tíì jinlẹ̀ á rí i pé bí òun bá ti sọ̀rọ̀, bọ̀dá á yí padà di àǹtí. Kò sí irun tó lè ṣe iṣẹ́ ohùn, má dá irun lẹ́bi.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í retí: wàá kéré lójú. Ẹni ọdún 27 á dà bí ọmọkùnrin ọdún 15, agbowó inú bọ́ọ̀sì á máa bi í bóyá ó ti parí ilé ìwé. Awọ tó ń dán tí kò ní irùngbọ̀n ló ń fa èyí. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là, tó sì bá èjìká mu, máa ń fi ọdún díẹ̀ kún un, gíláàsì tó yọ igun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó o bá sì máa rìnrìn àjò pẹ̀lú àwòrán onírun gígùn nínú ìwé ìrìnnà, mú káàdì ìdánimọ̀ mìíràn dání, kó o sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè lẹ́nu ibodè.

Bó bá bàjẹ́ ń kọ́?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Má gbé kílípà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó o fá gbogbo rẹ̀ dànù. Sùn, fọ̀ ọ́, tún un ṣe láàárọ̀, kó o tó mọ ohun tó ṣe é gan-an. Bó bá rí bíi ti obìnrin, ẹ̀gbẹ́ etí àti ìpàkọ́ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ lè tún un ṣe láìdín gígùn rẹ̀ kù. Bó bá rí róbótó, kí wọ́n dín ẹ̀gbẹ́ kù ní nọ́ńbà kan. Bí féèdì bá ní ìlà tàbí àbàwọ́n, padà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Agẹrun tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìyẹn. Bó bá wá kúrú jù lóòótọ́, fìlà wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì máa ń fi bíi mílímítà 9 kún un, èyí tó ju bó o ṣe rò lọ lórí irun kúkúrú.

Ìgbésẹ̀ 9: Irun kejì, ìkẹta, àti ti tẹstọ́stẹ́rọ̀nù

Féèdì tó mọ́ awọ máa ń fẹ́ àtúnṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, irun àlùmọ́gàjí lè pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó o bá rí agẹrun tó gbọ́ ọ lédè, má fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí irun bá jókòó dáadáa, ya ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó o kọ nọ́ńbà tí wọ́n lò. Àwòrán orí ara rẹ ni àwòrán tó dára jù tó o lè mú lọ nígbà mìíràn. Nígbà ìkẹta, o ti mọ orí rẹ, agẹrun náà ti mọ̀ ọ́n, o sì lè gbìyànjú féèdì tó ga bó bá ń wù ọ́.

Bó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba tẹstọ́stẹ́rọ̀nù, orí á tún yí padà. Ara máa ń sọ apá kan rẹ̀ di họ́mọ̀nù tó ń jẹ́ DHT, òun ló ń mú irùngbọ̀n hù, òun kan náà ló sì ń ti irun iwájú orí sẹ́yìn lára ẹni tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wo orí àwọn ọkùnrin ìdílé rẹ, ti bàbá àti ti ìyá. Kò dájú, ṣùgbọ́n á fún ọ ní òye. Kì í ṣe gbogbo igun tó bá wọlé díẹ̀ ni orí pípá. Iwájú orí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó dàgbà rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan lára wa sì ń yọ̀ bí wọ́n bá rí i. Oògùn finasteride máa ń dènà DHT, ṣùgbọ́n ó lè fa irùngbọ̀n àti irun ara sẹ́yìn pẹ̀lú, torí náà bá dókítà tó ń bójú tó họ́mọ̀nù rẹ sọ ọ́ kó o tó lò ó.

Láàárín àkókò yẹn, sọ fún onígbàjámọ̀ pé kó má fá igun ẹ̀bátí méjèèjì rárá. Kó fa ìlà láàárín iwájú orí bó bá fẹ́, kó fi igun sílẹ̀ bó ṣe hù, kó sì máa dín òkè kù díẹ̀ bí irun iwájú bá ti ń fẹ́lẹ́, torí irun fífẹ́lẹ́ tó gùn ló máa ń fi awọ orí hàn jù.